Kọ̀ǹpútà àti làákàyè ènìyàn nínú ètò iṣẹ́ ilé ìwòsàn: ìbéèrè àti ìdáhùn láti Ìbàdàn

Mátírọ́ọ̀nù tó ń kọ rósítà, òṣìṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tó ń fún aláìsàn lọ́jọ́, dókítà tó ń to orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, àti ẹbí aláìsàn tó ti wà lórí bẹ́ǹṣì láti ìdájí: àwọn ni mo kọ èyí fún. Ìbéèrè wọn ni mo kó jọ síbí. Kí ẹ lè mọ ibi tí mo dúró sí kí ẹ tó kà á síwájú, èrò mi nìyí: kọ̀ǹpútà ni kó máa kà, kó máa rántí, kó máa tò, ènìyàn tó lórúkọ, tó ṣeé bi léèrè, ni kó máa pinnu. Ibi tí wọ́n bá ti gbé iṣẹ́ ọ̀kan fún èkejì, aláìsàn ló máa ń jìyà rẹ̀.

Kí lẹ ń pè ní ètò iṣẹ́ ilé ìwòsàn gan-an?

Nǹkan mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́ ni rósítà: ta ló ń ṣe àárọ̀, ta ló ń ṣe ọ̀sán, ta ló ń ṣe òru. Èkejì ni klíníìkì: ọjọ́ wo àti aago wo ni aláìsàn máa rí dókítà. Ẹ̀kẹta ni tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, àti bẹ́ẹ̀dì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta so mọ́ra wọn. Bí dókítà tó ń fún ènìyàn lóògùn oorun bá wà ní líìfù, tíátà ò ní ṣiṣẹ́. Bí tíátà ò bá ṣiṣẹ́, ẹni tó yẹ kó ti gba ilé lọ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí bẹ́ẹ̀dì ò bá ṣófo, ẹni tí wọ́n gbé wá láti Ìsẹ́yìn á dúró sí kọ́rídọ̀.

Láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni mátírọ́ọ̀nù wa ti ń fi bírò àti rúlà kọ rósítà. Kí ló wá kàn wá kan kọ̀ǹpútà?

Ẹ jẹ́ ká mú wọ́ọ̀dù kan wò. Nọ́ọ̀sì 12 ló wà níbẹ̀. Ẹ fẹ́ kí 3 wà láàárọ̀, 2 lọ́sàn-án, 2 lóru. Àyè iṣẹ́ 7 nìyẹn lójúmọ́, 49 lọ́sẹ̀ kan. Bí nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan bá ń ṣe ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, ẹni 10 ló gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí 49 yẹn tó kún, àyè kan ṣoṣo ló sì máa ṣẹ́kù. Nínú àwọn 12 yẹn, bí ẹnì kan bá wà ní líìfù, tí ẹlòmíràn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó ku 10 géérégé. Bí ibà bá wá gbé ẹyọ ẹnì kan dè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, rósítà ti túká.

Ìyẹn ni ti iye ènìyàn. Ẹ wá wo ti títò. Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan lè wà ní ọ̀kan nínú ipò 4: àárọ̀, ọ̀sán, òru, tàbí ọ́ọ̀fù. Fún ẹni 12, iye ọ̀nà tí ẹ lè gbà to ọjọ́ kan péré jẹ́ 16,777,216. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò wúlò, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi bírò kọ ọ́ kò ráyè mọ èyí tó wúlò yàtọ̀ sí èyí tí kò wúlò. Èyí tó bá kọ́kọ́ dúró ló máa mú, torí pé aláìsàn ń pè é. Bí ẹ bá wá fẹ̀ ẹ́ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, iye yẹn ò ṣeé kà mọ́. Kọ̀ǹpútà pàápàá kì í yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ọgbọ́n ló máa ń fi gé èyí tí kò lérè dànù, tó fi máa kan èyí tó dára.

Ìwé tún máa ń gbàgbé. Ta ló ṣe òru ọjọ́ Kérésìmesì ní ọdún méjì sẹ́yìn? Àwọn tó ṣe é mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìwé rósítà ti di ohun tí wọ́n fi bo tábìlì.

Bó bá mọ ìṣirò tó báyìí, ẹ ò ṣe jẹ́ kó máa ṣe é lọ fúnra rẹ̀?

Torí pé ohun tí wọ́n bá sọ fún un nìkan ló mọ̀. Ẹ wo ohun tí mátírọ́ọ̀nù kan mọ̀ tí kò sí nínú fáìlì kankan. Ó mọ̀ pé nọ́ọ̀sì méjì tí rósítà so pọ̀ lóru Ọjọ́bọ̀, àwọn méjèèjì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́. Ìwé ẹ̀rí wọn pé, àmọ́ kò sí èyí tó tíì dá dúró ti ìyá tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ rí láìsí àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tó ń gbé Mọ́níyà, bó bá fi máa jáde lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀sán, ọkọ̀ á ti ṣọ̀wọ́n ní Mọ́kọ́lá. Ó mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, tí kì í fẹ́ sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ máa ń sọ ọ́ bí ìrora ọmọ náà bá dé. Ó mọ àwọn méjì tí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá jọ wà lóru, ẹni tó ń gba iṣẹ́ láàárọ̀ ò ní gbọ́ ohun tó yẹ kó gbọ́ nípa aláìsàn.

Ìlú wa náà ní ìwà tirẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, òjò tó rọ̀ ní Ìbàdàn gbé afárá lọ, ó sì gé àdúgbò kúrò lára àdúgbò. Àwọn tó dàgbà jù wá lọ á tún rántí omíyalé Ògùnpa, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ orúkọ á pé lórí rósítà, ṣùgbọ́n àwọn tó máa lè dé ibi iṣẹ́ kò ní pé. Ẹni tó mọ àdúgbò ló máa mọ̀ pé nọ́ọ̀sì tí ilé rẹ̀ sún mọ́ jù lórí àwòrán ilẹ̀ lè jẹ́ ẹni tó wà ní òdìkejì odò.

Ṣùgbọ́n ènìyàn náà máa ń ṣojúsàájú. Ṣé kọ̀ǹpútà ò sàn ju ìyẹn lọ?

Òótọ́ ni pé wọ́n máa ń ṣe é. Mo ti jókòó ti àwọn nọ́ọ̀sì tó ń sunkún lórí ọ̀rọ̀ rósítà, kì í sì í ṣe nítorí pé òru le. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé àwọn ẹni kan kì í ṣe òru, kò sì sẹ́ni tó lè bèèrè. Ibí yìí ni kíkà kọ̀ǹpútà ti wúlò jù lójú tèmi. Ẹ jẹ́ kó ka iye òru, iye ọjọ́ Àìkú, iye Iléyá àti Kérésìmesì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rósítà. Ẹ ò tíì fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Àmọ́ mátírọ́ọ̀nù tó bá rí i pé òru 31 wà níwájú orúkọ kan, tí 9 wà níwájú òmíràn, á ṣàtúnṣe, tàbí kó sọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Nígbà míì ìdí wà lóòótọ́: ẹnì kan wà nínú oyún, ẹlòmíràn ló fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún òru torí pé ó ń kàwé lọ́sàn-án.

Ẹ kíyè sí i pé kọ̀ǹpútà náà lè ṣojúsàájú láìmọ̀. Lọ́dún 2019, Ziad Obermeyer, dókítà tó tún jẹ́ olùwádìí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tú àṣírí ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà láti fi yan àwọn aláìsàn tó nílò ìtọ́jú púpọ̀. Owó tí wọ́n ti ná lórí aláìsàn ni ètò náà kà bí ẹni pé òun ni ìwọ̀n àìsàn. Nígbà tó sì jẹ́ pé owó tí wọ́n ń ná lórí àwọn aláwọ̀ dúdú kéré, ètò náà kà wọ́n sí ẹni tí ara rẹ̀ le, nígbà tí ara wọn kò yá. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ètò náà pé kó fi ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Ẹ ronú ohun tí irú rẹ̀ lè ṣe níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í lọ sílé ìwòsàn àfi ìgbà tí owó bá wà.

Báwo wá ni kí a ṣe pín iṣẹ́ náà láàárín wọn?

Ẹ kọ́kọ́ kọ ìwé méjì. Ọ̀kan fún òfin tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ rú: ẹni tó ṣe òru kò gbọ́dọ̀ ṣe àárọ̀ tó tẹ̀lé e, òru kankan kò gbọ́dọ̀ wà láìsí àgbà nọ́ọ̀sì, ìsinmi tó wà láàárín iṣẹ́ méjì kò gbọ́dọ̀ dín ní iye kan. Òfin àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jáde lọ́dún 2003 ní kí ó má dín ní wákàtí 11 nínú wákàtí 24, kí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ má sì ju wákàtí 48 lọ bí a bá pín in dọ́gba. Ẹ lè fi ṣe òṣùwọ̀n bí ilé iṣẹ́ yín ò bá tíì ní tirẹ̀. Ìwé kejì wà fún ohun tí ẹ fẹ́ bó bá ṣeé ṣe: ẹni tó fẹ́ ọ́ọ̀fù lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹni tó fẹ́ kí òru òun tẹ̀ léra kó lè tán lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá da ìwé méjèèjì pọ̀, kọ̀ǹpútà á sọ pé kò sí ọ̀nà, ẹ ó sì rò pé kò mọṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, kọ̀ǹpútà á gbé rósítà àkọ́kọ́ jáde. Mátírọ́ọ̀nù á jókòó tì í, á tún un ṣe. Ibi tó bá yí padà, kí ó kọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan.

Ẹ wo ọ̀kan. Ètò gbé nọ́ọ̀sì A àti nọ́ọ̀sì B sí òru ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mátírọ́ọ̀nù fa igi lé A, ó fi D rọ́pò rẹ̀, ó sì kọ ọ́ síwájú pé: “A àti B ò tíì pé oṣù mẹ́ta ní wọ́ọ̀dù yìí. D ni kó wà pẹ̀lú B.” Gbólóhùn yẹn níyì ju rósítà náà fúnra rẹ̀ lọ. Lóṣù tó ń bọ̀, a lè sọ ọ́ di òfin nínú ìwé àkọ́kọ́, ètò ò sì ní ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìmọ̀ tó wà lórí ẹnì kan ṣoṣo ti di ti wọ́ọ̀dù, ìyẹn ṣe pàtàkì gan-an lásìkò tí àwọn àgbà nọ́ọ̀sì wa ń já pa lọ sílùú òyìnbó. Nígbà tí mátírọ́ọ̀nù kan bá lọ láìkọ nǹkan kan sílẹ̀, ọgbọ́n ọdún gbọọrọ ló bá a wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Gbogbo ìdí kọ́ ló yẹ kó di òfin ṣá o, gbogbo rẹ̀ kọ́ ló sì yẹ kó hàn. Ohun tó jẹ́ àṣírí ẹnì kan, kí wọ́n kọ “ọ̀rọ̀ ilé” síwájú rẹ̀, ó tó bẹ́ẹ̀.

Àmì méjì ni mo máa ń wò. Bí mátírọ́ọ̀nù bá ń yí èyí tó pọ̀ jù nínú rósítà padà, òfin tí ẹ fún kọ̀ǹpútà kò tọ̀nà, ẹ tún un kọ. Bí oṣù bá sì ń gorí oṣù tí kò yí ohunkóhun padà, ìyẹn ló ń já mi láyà jù: kò wò ó mọ́, ó kàn ń bu ọwọ́ lù ú ni.

Ta ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo èyí?

Kì í ṣe nǹkan tuntun. Lọ́dún 1976, ìwádìí méjì jáde ní Amẹ́ríkà lórí fífi ìṣirò to rósítà nọ́ọ̀sì: ọ̀kan láti ọwọ́ Michael Warner, èkejì láti ọwọ́ Holmes Miller, William Pierskalla àti Gustave Rath. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú wọn ni pé ìfẹ́ inú nọ́ọ̀sì wà nínú ìṣirò náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọn ò ka nọ́ọ̀sì sí nọ́ńbà lásán.

Kí ló dé tí gbogbo wa fi ń dé klíníìkì láti ìdájí, tí dókítà á sì bẹ̀rẹ̀ ní aago 9?

Nítorí pé aago kan náà ni wọ́n kọ sórí káàdì gbogbo yín. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Aláìsàn 40, dókítà 2, ìṣẹ́jú 12 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Dókítà kọ̀ọ̀kan á rí ẹni 20, wákàtí 4 nìyẹn. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ní aago 9, aago 1 ọ̀sán ni wọ́n á parí. Ẹni tó kẹ́yìn, tó ti dé láti aago 7, á ti jókòó fún bíi wákàtí 6 kí wọ́n tó pè é. Dókítà ò ṣe ìmẹ́lẹ́ kankan níbẹ̀ o. Ètò ni kò dára. Bí ẹ bá pín àwọn 40 yẹn sí ọ̀nà mẹ́rin, kí ẹni 10 dé ní aago 9, ẹni 10 ní aago 10, ẹni 10 ní aago 11, ẹni 10 ní aago 12, aláìsàn ò dín, dókítà ò pọ̀ sí i, aago 1 náà ni wọ́n á parí, àmọ́ ẹni tó bá pẹ́ jù lórí bẹ́ǹṣì kò ní fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtí kan lọ.

Norman Bailey, onímọ̀ ìṣirò ará Ìlú Ọba, ti ń kọ nípa ọ̀rọ̀ yìí láti 1952, ọdún kan náà tí òfin tó dá UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Ìbàdàn níbí, sílẹ̀ jáde, kí ilé ìwòsàn náà tó ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ 20 oṣù kọkànlá 1957. Ó dábàá pé kí ẹni méjì wà nílẹ̀ nígbà tí dókítà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí àwọn yòókù máa dé lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú tí ìbẹ̀wò kan máa ń gbà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ wà kí dókítà má baà jókòó lásán bí ẹnì kan bá pẹ́.

Ní Ìbàdàn, mi ò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi ìṣẹ́jú dá ènìyàn lọ́jọ́. Míkírà tó ń kó èrò ò ní ìṣẹ́jú, bẹ́ẹ̀ ni sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ìwó Road ò mọ káàdì yín. Wákàtí ló bá wa mu. Kọ̀ǹpútà lè pín wákàtí náà dọ́gba, kó má jẹ́ kí ibì kan kún jù. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ló máa gbé ojú sókè wo ẹni tó wà níwájú rẹ̀:

“Màmá, níbo lẹ ti ń bọ̀?”

“Ṣakí ni, ọmọ mi.”

“Háà, ẹ ò lè bá wa débí láago mẹ́sàn-án nìyẹn, mà. Ẹ máa bọ̀ láago méjìlá.”

“Ṣé wọn ò ní sọ pé tálì ti tán?”

“Aago yín ló wà lórí káàdì yìí, mà. Òun la máa fi pè yín.”

Ìbéèrè tí màmá yẹn bèèrè kẹ́yìn ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé lórí. Àwọn ènìyàn wa ń dé ní ìdájí torí pé ojú wọn ti rí i pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń fún ní tálì. Bí ẹ bá kọ aago sórí káàdì, tí ẹ tún ń fi tálì pe ènìyàn, irọ́ lẹ kọ sórí káàdì yẹn. Ẹni aago 10 tó dé ní aago 6, kí ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kó dúró de aago 10. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ á le, àwọn kan á bínú. Kí ọ̀gá klíníìkì fúnra rẹ̀ wà níwájú láti ṣàlàyé; kó má fi òṣìṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù nìkan sílẹ̀ fún èébú.

Kọ̀ǹpútà lè sọ ẹni tí kò ní wá. Ṣé kí a fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀?

Ẹ ṣe sùúrù. Bí ẹni 8 nínú 40 kì í bá wá, ó dà bíi pé kí ẹ pe 50 kí 40 lè dé. Ẹ lè ṣe ìyẹn fún klíníìkì lápapọ̀, bí ẹ bá ṣe é níwọ̀nba. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí ètò máa tọ́ka sí ẹnì kan pé òun ni kò ní wá, kí wọ́n wá fi ẹni méjì sí àyè rẹ̀ nìkan. Àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà ti fi hàn pé nígbà tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú ló sábà máa ń bọ́ sí àyè oníméjì yẹn, àwọn ló sì ń dúró pẹ́ jù. Níbí, ẹni tí owó ọkọ̀ máa ń wọ́n ni ètò máa tọ́ka sí. Ó wá sápá, ó yá owó, ó dé, ó sì bá ẹlòmíràn nínú àyè tirẹ̀. Ẹ ti jẹ ẹ́ níyà nítorí pé kò lówó.

Bí ètò bá sọ pé ẹnì kan lè má wá, ẹ pè é lórí fóònù lọ́jọ́ méjì ṣáájú. Ẹ bi í pé kí ló lè dá a dúró. Nígbà míì èsì àyẹ̀wò ni kò tíì jáde, tí ọjọ́ náà ò fi ní wúlò fún un rárá. Ẹ sún un síwájú, àyè ti ṣófo fún ẹlòmíràn nìyẹn láìsí ìyà.

Tíátà ńkọ́?

Ibí ni làákàyè dókítà ti wúwo jù, ibẹ̀ náà sì ni ìrántí kọ̀ǹpútà ti wúlò jù. Àwọn oníṣẹ́ abẹ sábà máa ń rò pé iṣẹ́ àwọn á yá ju bó ṣe máa ń yá lọ. Wọn ò purọ́. Àkókò tí ọwọ́ wọn wà lára aláìsàn ni wọ́n ń rántí, wọn ò ka àkókò oògùn oorun, ìfọ̀mọ́ yàrá àti gbígbé ẹni tó kàn wọlé. Bí ẹ bá kọ aago ìwọlé àti aago ìjáde sílẹ̀ fún gbogbo iṣẹ́, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ kọ̀ǹpútà á sọ ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń gbà níbí, lọ́wọ́ àwọn tiyín gan-an.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́kọ́ wọlé? Àwọn ọmọdé àti àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣíwájú, torí pé ebi kò yẹ kó pa wọ́n pẹ́. Ṣé ẹ̀jẹ̀ tó bá a mu wà nílẹ̀? Ṣé irinṣẹ́ ti jáde níbi tí wọ́n ti ń sè é? Ṣé bẹ́ẹ̀dì wà fún un lẹ́yìn iṣẹ́? Ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ rìn lọ wò ó láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mi ò gba kọ̀ǹpútà gbọ́ lórí àwọn wọ̀nyí, torí pé ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀ lánàá ló máa sọ.

Ẹ má sì kún ọjọ́ tíátà dé ẹnu. Mo mọ̀ pé ìlà àwọn tó ń dúró gùn. Àmọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìlà, tí A. K. Erlang ará Denmark bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1909 lórí iṣẹ́ tẹlifóònù Copenhagen, kọ́ wa ní ohun kan tó ṣòro gbà gbọ́. Nínú irú ìlà tó rọrùn jù, bí ibi iṣẹ́ bá kún dé ìdá 80 nínú 100, ẹni bíi 4 ló máa wà níbẹ̀ ní ìwọ̀n àárín, àti ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn àti ẹni tó ń dúró. Bó bá kún dé 95, ó di 19. Ìyàtọ̀ 15 péré nínú ìkún ló sọ 4 di 19. Aboyún tó nílò iṣẹ́ abẹ kíákíá kò ní dúró de ìlà yẹn. Àyè tí ẹ fi sílẹ̀ tó dà bíi pé ó ṣòfò, òun ló wà fún un.

Nígbà tí pàjáwìrì ńlá bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?

Ẹ rántí alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun 16 oṣù kìíní 2024, nígbà tí ìbúgbàmù ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà, tí ilé wó, tí wọ́n sì ń gbé àwọn tó fara pa lọ sáwọn ilé ìwòsàn nílùú. Lálẹ́ bẹ́ẹ̀ rósítà ti di ìwé lásán. Ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe ni kó gbé orúkọ jáde kíá: ta ni kò sí lẹ́nu iṣẹ́, ta ló ti sinmi tó, ta ló mọ iṣẹ́ tíátà, kí ni nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ènìyàn ló máa pè wọ́n, ènìyàn náà ló sì máa sọ pé kí àwọn kan má wá lálẹ́ yìí, kí wọ́n sùn, torí pé ọ̀la náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ìpinnu ìkẹyìn yìí ni ó máa ń ṣòro jù fún gbogbo ènìyàn, òun sì ni ọ̀gá tó mọṣẹ́ máa ń ṣe.

Iná ò dúró. Ṣé gbogbo èyí ò ní bàjẹ́?

Ẹ tẹ rósítà àti orúkọ klíníìkì ọjọ́ kejì sórí bébà kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é, bébà ni wọ́n á fi ṣiṣẹ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ṣé mo lè ní kí ChatGPT bá mi ṣe rósítà?

Ẹ lè bi í, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù láìyẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Ó lè gbé rósítà tó wu ojú jáde, kó sì ti fi ẹnì kan sí òru ọjọ́ Ajé àti àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun láìfura. Ètò tí wọ́n dìídì kọ fún rósítà kì í rú òfin tí ẹ fún un; bí kò bá rí ọ̀nà, á sọ pé òun ò rí. Ẹ lè lo ChatGPT láti fi kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ tàbí láti to òfin yín sí èdè tó mọ́. Orúkọ aláìsàn kankan kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀.

Èló ló máa ná wa?

Ó lè má ná yín ní nǹkan kan lórí ètò fúnra rẹ̀. LibreOffice Calc, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to nọ́ńbà sínú àtẹ, wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì tó láti ka òru àti ọ́ọ̀fù. OR-Tools ti Google, irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún irú ìṣirò títò yìí, náà wà lọ́fẹ̀ẹ́, àpẹẹrẹ rósítà nọ́ọ̀sì sì wà nínú ìwé ìlò rẹ̀. Ẹ nílò ẹnì kan tó mọ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà pọ̀ ní Ìbàdàn tí wọ́n ń wá iṣẹ́ ìparí ẹ̀kọ́ tó nítumọ̀. Ẹ pè wọ́n, kí wọ́n jókòó ní wọ́ọ̀dù kí wọ́n tó kọ ohunkóhun. Àkókò àwọn òṣìṣẹ́ yín ni owó gidi tí ẹ máa ná.

Àṣírí aláìsàn ńkọ́?

Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà, tí ààrẹ buwọ́ lù lóṣù kẹfà 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn mọ́ ohun tó gbẹgẹ́, tó nílò ààbò tó ju ti ìyókù lọ. Nítorí náà, orúkọ àwọn tó ń bọ̀ ní klíníìkì ọ̀la kò gbọ́dọ̀ wà nínú WhatsApp gbogbo òṣìṣẹ́. Orúkọ klíníìkì nìkan ti tó láti tú àṣírí: ẹni tí wọ́n rí orúkọ rẹ̀ ní klíníìkì àwọn tó ní kòkòrò HIV kò nílò àlàyé mìíràn. Èyí tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri, nọ́ńbà káàdì ni kó wà níbẹ̀.

Bí kọ̀ǹpútà bá ṣi iṣẹ́ ṣe, ta ni a máa mú?

Ẹni tó buwọ́ lù ú. Mo mọ̀ pé ó le létí. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti gbà kí òṣìṣẹ́ sọ pé “kọ̀ǹpútà ló ní kí n ṣe é bẹ́ẹ̀,” kò sí ẹnikẹ́ni tí ẹbí aláìsàn lè bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń buwọ́ lù ú fi gbọ́dọ̀ ní agbára láti yí i padà láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí ó sì ní àkókò láti kà á. Ẹ ò lè gbé ẹ̀bi lé ẹni tí ẹ kò fún láṣẹ.

Ṣé kò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù?

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń bi màmá Ṣakí léèrè ibi tó ti ń bọ̀, ẹni tó ń pe aláìsàn lórí fóònù, òun náà ni. Iṣẹ́ fífa ìlà sínú ìwé ńlá ló máa dín kù.

Níbo la máa ti bẹ̀rẹ̀?

Ní wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo. Ẹ má fi ti pàjáwìrì ṣe àkọ́kọ́. Ẹ mú èyí tí mátírọ́ọ̀nù rẹ̀ fúnra rẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ wá rósítà oṣù mẹ́ta tó kọjá, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ kàn ka òru àti ọjọ́ Àìkú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi han gbogbo nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù náà, kí wọ́n sọ̀rọ̀. Láti inú ọ̀rọ̀ wọn lẹ ó ti kọ ìwé òfin àti ìwé ìfẹ́ inú. Lóṣù kẹrin, kí kọ̀ǹpútà ṣe tirẹ̀, kí mátírọ́ọ̀nù fi bírò ṣe tirẹ̀ láìwo ti kọ̀ǹpútà, kí ẹ wá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti bírò náà ni kí wọ́n ṣì fi ṣiṣẹ́ lóṣù yẹn. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti yàtọ̀, ẹ bèèrè ìdí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá di oṣù karùn-ún, ẹ lo ti kọ̀ǹpútà tí mátírọ́ọ̀nù ti tún ṣe, tó sì buwọ́ lù.